Ẹgbẹ́ Básíkẹ́ẹ̀tì Tí Yóò Tọ́jọ́ ní Ilé-Ẹ̀kọ́

Ọ̀rọ̀ tí a mú tọ̀ yín wá lọ́sẹ̀ yìí kì í ṣe èyí tí a ti múra sílẹ̀ láti kọ. Ìyá kan ni ó fi í lé wa lọ́wọ́. Ní alẹ́ Ọjọ́rú tí ó kọjá, lẹ́yìn ìsìn, bí a ti ń ti ìlẹ̀kùn, a rí i tí ó dúró dè wá lábẹ́ igi dongoyárò. Ata àti tòmátì ni ó ń tà ní Ọjà Tuntun nínú ìlú Ìlọrin wa yìí. Opó ni, ọmọ mẹ́ta ni ó sì ń tọ́. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ kú alẹ́ o, Bàbá Tíṣà. Ẹ jọ̀wọ́ sà, ọ̀rọ̀ kan ni mo fẹ́ bi yín nípa ọmọ mi ọkùnrin."

Ọmọ náà wà ní JSS 2. Ó ga ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, olùkọ́ kan sì ti mú un wọ inú ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù alájùsápẹ̀rẹ̀, èyí tí gbogbo ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ń pè ní básíkẹ́ẹ̀tì. Láti ìgbà náà ni ìwà ọmọ náà ti yí padà. Ẹni tí a máa ń fi omi tútù jí tẹ́lẹ̀, òun ni ó ń ṣáájú àkùkọ jí báyìí; yóò pọn omi, yóò gbálẹ̀, yóò ka ìwé rẹ̀, kí ìyá rẹ̀ má baà rí ohun tí yóò fi dá a dúró ní ìrọ̀lẹ́. Ìyá náà ti yọ nínú owó ọjà, ó ti ra bàtà kánfáàsì fún un. Ṣùgbọ́n ìròyìn ti kàn án pé wọn yóò ṣí olùkọ́ náà lọ sí ìlú mìíràn ní ìparí sáà yìí. Ó wò wá lójú, ó ní, "Bí olùkọ́ yìí bá lọ, Bàbá, ṣé eré náà kò ní bá a lọ? Ṣé kí n jẹ́ kí ọmọ mi fi gbogbo ọkàn rẹ̀ sí ohun tí ó lè parí lọ́la?"

A kò lè dá a lóhùn lójú ẹsẹ̀. A ní kí ó fún wa ní ọ̀sẹ̀ kan. Kì í ṣe pé ìbéèrè náà ṣòro ní òye; ó kàn wá níbi tí ó ń dùn wá ni. Àwa pàápàá ti lọ́wọ́ nínú ikú irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ rí. A óò jẹ́wọ́ rẹ̀ fún yín kí ọ̀rọ̀ yìí tó parí, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ ṣàlàyé eré náà fún àwọn àgbà tí kò mọ̀ ọ́n.

Ènìyàn márùn-ún ni ó ń ṣe é ní ìhà kan, márùn-ún ní ìhà kejì. Ọwọ́ ni a fi ń ṣe é, kì í ṣe ẹsẹ̀. Òrùka irin kan tí a so àwọ̀n mọ́ wà lára pátákó ní ìkángun pápá méjèèjì, gíga rẹ̀ sí ilẹ̀ sì jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá. Ẹni tí bọ́ọ̀lù wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò gbọdọ̀ gbé e sáré bí ẹni tí ó jí adìyẹ. Bí yóò bá rìn, àfi kí ó máa gbá a mọ́lẹ̀ bí ó ti ń lọ, tàbí kí ó jù ú fún ẹlòmíràn. Nítorí náà, eré tí ènìyàn kan kò lè dá ṣe ni.

Ẹni tí ó dá a sílẹ̀ ni James Naismith, ọmọ ilẹ̀ Kánádà, ẹni tí ó ti kẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ Ọlọ́run kí ó tó di olùkọ́ eré ìdárayá. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1891, ní ìlú Springfield ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ Ẹgbẹ́ Àwọn Ọ̀dọ́mọkùnrin Onígbàgbọ́, èyí tí a ń pè ní YMCA. Òtútù ti lé àwọn ọmọ wọ inú ilé, wọ́n sì ń da ilé rú. Ọ̀gá rẹ̀ fún un ní ọ̀sẹ̀ méjì péré láti wá eré tí wọn yóò máa ṣe lábẹ́ òrùlé. Ó kan apẹ̀rẹ̀ èso méjì mọ́ ara àjà, ó pín àwọn ọmọ 18 sí ọ̀nà méjì, ó sì kọ òfin 13 sílẹ̀. Akọ̀wé ilé-ẹ̀kọ́ náà ni ó bá a tẹ̀ ẹ́, a sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara pátákó kí olúkúlùkù lè kà á. Ní oṣù tí ó tẹ̀ lé e, wọ́n tẹ òfin náà jáde nínú ìwé ìròyìn ilé-ẹ̀kọ́ wọn, àwọn ọmọ tí ó sì kẹ́kọ̀ọ́ jáde níbẹ̀ gbé e lọ sí ìlú àti ilẹ̀ mìíràn. Ọdún 1939 ni Naismith kú. Eré rẹ̀ kò kú. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ ìwé tí a kọ yìí sọ́kàn, nítorí a óò padà sí i.

Ìlú Ìlọrin kì í ṣe àlejò nínú eré yìí. Ní 2023, ẹgbẹ́ Kwara Falcons, tí Ìlọrin jẹ́ ilé rẹ̀, wà lára ẹgbẹ́ 12 tí ó díje nínú Basketball Africa League, tí wọ́n sì lọ ṣeré ní Dakar ní ilẹ̀ Senegal. Ní ti àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ sẹ́kọ́ndírì, láti 1999 ni ilé-iṣẹ́ Nestlé ti ń fi orúkọ Milo ṣe onígbọ̀wọ́ ìdíje fún wọn ní ilẹ̀ Nàìjíríà. Ọmọ tí ó bá mọ eré náà ní ibi tí yóò lọ. Ohun tí ó ṣọ̀wọ́n ni ilé-ẹ̀kọ́ tí ẹgbẹ́ rẹ̀ dára lónìí, tí ó sì tún dára ní ọdún mẹ́wàá sí i, nígbà tí kò sí ẹnìkan nínú àwọn ti òní níbẹ̀ mọ́.

Ìdí rẹ̀ kò farasin. Ilé-ẹ̀kọ́ sẹ́kọ́ndírì dà bí odò Asà wa: odò náà wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n omi àná kọ́ ni omi òní. Ọdún mẹ́fà ni ọmọ ń lò níbẹ̀, láti JSS 1 dé SSS 3. Bí ó bá ti ṣe ìdánwò WAEC tán, ó di aláìsí ní pápá. Olùkọ́ pàápàá kò dúró. Ìjọba a máa ṣí i nípò, tàbí kí ó rí iṣẹ́ tí owó rẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Bí gbogbo ìmọ̀ eré bá wà nínú orí olùkọ́ kan, tí gbogbo agbára ẹgbẹ́ sì wà lẹ́sẹ̀ àwọn ọmọ SSS 3, a jẹ́ pé orí òkìtì àgbàdo kan ṣoṣo ni a jókòó lé, tí a ń jẹ ẹ́, tí a kò gbin ọ̀kan.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a jẹ́wọ́ tiwa.

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, àwa ni akọ̀wé ní ilé-ẹ̀kọ́ kan tí a kò ní dárúkọ. Ìwé orúkọ àwọn ọmọ wà ní ìkáwọ́ wa. Ilé-ẹ̀kọ́ náà ní ẹgbẹ́ básíkẹ́ẹ̀tì tí ó dára. Olùkọ́ kan tí ó fẹ́ràn eré náà bí ẹni fẹ́ràn oúnjẹ ni ó tọ́ wọn. Nínú ọmọ 12 tí ń bẹ nínú ẹgbẹ́ náà, mẹ́jọ ni ó wà ní SSS 3. Ayọ̀ wa pọ̀ ní ọdún náà, a kò sì ka iye. Nígbà tí ọdún yípo, àwọn mẹ́jọ ti lọ, wọ́n sì ti ṣí olùkọ́ náà nípò.

Ṣùgbọ́n ìlú ti mọ orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ náà mọ́ ife-ẹ̀yẹ, ojú sì ń ti àwọn àgbà láti padà sẹ́yìn. Nígbà tí ó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí ìdíje kan bẹ̀rẹ̀, wọ́n mú ọkùnrin mẹ́ta wá láti ìgboro, àwọn tí irùngbọ̀n ti hù lágbọ̀n wọn. Wọn kì í ṣe ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ wa; wọn kì í ṣe ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ kankan. Ẹnìkan tí ó jù wá lọ ní ipò mú orúkọ wọn wá sí ọ́fíìsì wa lórí ìwé pélébé kan. Ó ní kí a kọ wọ́n sínú ìwé orúkọ SSS 2, kí a sì kọ ọ́ bí ẹni pé láti oṣù Kẹsàn-án ni wọ́n ti wọlé.

Kálàmù wà lọ́wọ́ wa. A mọ̀ pé irọ́ ni. A sọ nínú ara wa pé eré lásán ni; a ní ọlá ilé-ẹ̀kọ́ ni; a ní ẹni tí ó rán wa níṣẹ́ ju wá lọ. A kọ ọ́. Ìkọ̀wé wa dára, kò sì sí ẹni tí yóò rí i tí yóò fura.

Wọ́n gba ife náà. A fi ìlù àti orin gbé e wọ ilé-ẹ̀kọ́. Ṣùgbọ́n kí àwọn ọkùnrin mẹ́ta yẹn tó lè ṣeré, ọmọ mẹ́ta ni a ti mú jókòó sórí àga. Láti JSS 1 ni àwọn wọ̀nyí ti ń kọ́ eré náà. Ọ̀kan nínú wọn ni ó máa ń gbé àpò bọ́ọ̀lù lọ sílé ní ọjọ́ Ẹtì, tí yóò fi pọ́ǹpù kẹ̀kẹ́ fẹ́ ẹ, tí yóò nù ún, tí yóò sì gbé e padà ní ọjọ́ Ajé. Ní ọjọ́ Ajé lẹ́yìn ìdíje náà, ọmọ yìí wá sí ọ́fíìsì wa. Ó gbé àpò náà kalẹ̀. Kò sunkún, kò sì fi ẹnikẹ́ni sùn. Ó ní, "Ẹ jọ̀wọ́ sà, mo fẹ́ mọ̀ bóyá orúkọ mi ṣì wà nínú ìwé."

A ṣí ìwé náà, a sì fi orúkọ rẹ̀ hàn án. Ó kà á. Ojú rẹ̀ sì lọ sí ìsàlẹ̀, sí orúkọ mẹ́ta tí tádàwà wọn ṣì dúdú ju ti ìyókù lọ. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wa, ó sì jáde. Kò fẹsẹ̀ kan pápá náà mọ́ títí ó fi jáde ilé-ẹ̀kọ́.

Nígbà tí ọdún mìíràn fi dé, àwọn onírùngbọ̀n ti gba owó wọn lọ. Àwọn ọmọ kékeré tí ó rí ohun tí a fi ṣe àwọn ẹ̀gbọ́n wọn kò wá mọ́. Ta ni yóò máa fi ọdún mẹ́rin kọ́ ohun tí a óò fi ọjọ́ kan gbà lọ́wọ́ rẹ̀? Òjò pa òrùka irin, ó dípẹtà, ó wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ewúrẹ́ ń sùn lábẹ́ pátákó. Ife-ẹ̀yẹ náà wà lórí àpótí ìwé, eruku sì kún inú rẹ̀.

Ọdún méjì lẹ́yìn náà ni ọ̀gá tuntun dé sí ilé-ẹ̀kọ́ náà, ó sì bi wá ìdí tí kò fi sí ẹgbẹ́ ní ibi tí ife wà. A sọ òtítọ́ fún un. Ó dákẹ́ pẹ́. Lẹ́yìn náà ó ní kí a gbé ìwé orúkọ ọdún náà wá, kí a fi tádàwà pupa fa ìlà la orúkọ mẹ́ta náà já, kí a sì fọwọ́ sí i pé àwa ni a kọ ọ́, àwa ni a sì pa á rẹ́. A dá ife náà padà fún àwọn tí ó fún wa. Ojú tì wá, ṣùgbọ́n a sùn ní alẹ́ ọjọ́ náà.

Lórí ilẹ̀ tí a ti gbá mọ́ báyìí ni a tún bẹ̀rẹ̀, ohun tí a sì rí níbẹ̀ ni a fẹ́ kí ẹ̀yin òbí mọ̀.

Èkínní, láti ìsàlẹ̀ ni a ti ń kọ́lé. Ọ̀gá náà pàṣẹ pé ọmọ mẹ́rin ni a óò máa mú láti kíláàsì kọ̀ọ̀kan. Kíláàsì mẹ́fà, ọmọ 24: méjìlá jẹ́ ẹgbẹ́ àwọn kékeré láti JSS 1 dé JSS 3, méjìlá yòókù jẹ́ ẹgbẹ́ àwọn àgbà. Bí a bá ṣe èyí, kò sí ọdún tí ẹni tí ó ń jáde yóò ju mẹ́rin lọ, àwọn mẹ́rin mìíràn yóò sì ti máa bọ̀ láti ẹ̀yìn. Ìṣirò ọmọdé ni, ṣùgbọ́n òun ni ó gba ẹgbẹ́ náà là. Ní ti àwọn tí ó kéré jù, a kò ní kí wọ́n máa ju bọ́ọ̀lù àgbà sí òrùka àgbà, èyí tí ó ga ní mítà 3.05. Wẹ́ẹ́dà kan bá wa ṣe òrùka kan tí a gbé sí mítà 2.60, gẹ́gẹ́ bí a ti ń ṣe fún àwọn ọmọdé ní ibi gbogbo, a sì ra bọ́ọ̀lù kékeré, èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 5. Ọmọ tí kò bá lè ju bọ́ọ̀lù dé òrùka yóò máa fi gbogbo ara jù ú sókè, àṣà búburú náà yóò sì mọ́ ọn lára.

Èkejì, ìmọ̀ eré kò gbọdọ̀ wà nínú orí ènìyàn kan. A ra ìwé ńlá kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ le. Olùkọ́ tuntun a máa sọ, àwa a sì máa kọ: bí a ti ń na ara kí eré tó bẹ̀rẹ̀, bí a ti ń dúró láti jù, ohun tí a ń ṣe ní ọjọ́ Ajé àti èyí tí a ń ṣe ní Ọjọ́bọ̀, ẹni tí ó wá àti ẹni tí kò wá, iye bọ́ọ̀lù tí ó wà àti èyí tí ó ti jò. Bí a bá pàdánù, a kọ ọ́ bí ó ti rí. Ẹ rántí Naismith àti òfin 13 rẹ̀ lára pátákó. Ọwọ́ kan náà tí ó kọ irọ́ sínú ìwé kan ni ó ń kọ òtítọ́ sínú èkejì báyìí, a kò sì fojú kéré iṣẹ́ náà.

Ẹ̀kẹta, ènìyàn méjì ni ó gbọdọ̀ máa mọ iṣẹ́ náà nígbà gbogbo. Bí olùkọ́ àgbà bá wà, kí olùkọ́ kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, bí kò tilẹ̀ mọ̀ ju kí ó fọn fèrè lọ ní ìbẹ̀rẹ̀. Kí olúkúlùkù ọmọ SSS 2 sì gba ọmọ JSS 1 kan, kí ó máa kọ́ ọ. Ẹni tí ó ń kọ́ ẹlòmíràn, òun ni ohun náà ń wọ̀ lára jùlọ.

Ẹ̀kẹrin, ìwé ni àkọ́kọ́. Ẹni tí kò bá ṣe iṣẹ́ tí a fún un ní kíláàsì, kò ní fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù ní ọ̀sẹ̀ náà, ìbáà ṣe òun ni balógun ẹgbẹ́. Àwọn òbí tí ó ti ń kùn tẹ́lẹ̀ pé eré yóò ba ọmọ àwọn jẹ́, òfin yìí ni ó pa wọ́n lẹ́nu mọ́. Kódà, díẹ̀ nínú wọn ni ó dá owó jọ tí a fi rẹ́ sìmẹ́ńtì sí ojú pápá tí ó ti là.

Ẹ̀karùn-ún, kí a má ṣe gbàgbé àwọn ọmọbìnrin. Ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ilẹ̀ wa, tí a ń pè ní D'Tigress, ti gba ife ilẹ̀ Áfíríkà ní ìgbà méje, èyí tí ó kẹ́yìn nínú rẹ̀ jẹ́ ní 2025 ní Abidjan. Ní ìdíje Òlíḿpíìkì ti Paris ní 2024, wọ́n wọ inú ẹgbẹ́ mẹ́jọ tí ó kẹ́yìn, ohun tí ẹgbẹ́ básíkẹ́ẹ̀tì kankan láti Áfíríkà, ìbáà ṣe ti ọkùnrin tàbí ti obìnrin, kò ṣe rí. Nínú ìlú bíi Ìlọrin, níbi tí àwa àti àwọn ará wa Mùsùlùmí jọ ń gbé, òbí lè máa rò ó pé aṣọ eré náà kò bá ọmọbìnrin òun mu. Kí ó mọ̀ pé láti oṣù Kẹwàá ọdún 2017 ni àjọ FIBA, tí ń ṣàkóso eré náà ní gbogbo ayé, ti fi àyè gbà wọ́n láti fi ìborí ṣeré.

Bóyá ẹnìkan yóò wí pé ọ̀rọ̀ akọ̀wé ni gbogbo èyí, pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni a ń gba ife. Ẹ jẹ́ kí a wo òkèèrè díẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ Kátólíìkì kan wà ní ìlú Hyattsville, ní ìpínlẹ̀ Maryland ní Amẹ́ríkà, DeMatha ni orúkọ rẹ̀. Ní 1956, ọ̀dọ́mọkùnrin kan, Morgan Wootten, gba àkóso ẹgbẹ́ básíkẹ́ẹ̀tì ibẹ̀. Olùkọ́ ìtàn ni nínú kíláàsì. Ọdún 46 ni ó lò lẹ́nu iṣẹ́ náà, ó borí ní ìgbà 1,274, ó sì pàdánù ní ìgbà 192. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kínní ọdún 1965, àwọn ọmọ rẹ̀ fi 46 sí 43 borí Power Memorial ti New York, ẹgbẹ́ tí ó ti borí ní ìgbà 71 léraléra, tí ọmọ gígùn kan tí ayé wá mọ̀ sí Kareem Abdul-Jabbar wà nínú rẹ̀. Ohun ńlá ni èyí. Ṣùgbọ́n ohun tí ó wú wa lórí jù ni ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní 2002, nígbà tí Wootten fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Kò sí pé a ń sá kiri wá ẹni tí yóò rọ́pò rẹ̀. Ẹni tí ó gba ipò náà, Mike Jones, ọmọ tí ó kẹ́kọ̀ọ́ jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ náà gan-an ni. Ilé ni wọ́n ti mú un. Wootten kú ní 2020. DeMatha ṣì ń ṣeré.

Ọ̀rọ̀ kan kù fún àwọn òbí tí ojú wọn wà lára owó. A mọ̀ pé bí ọmọ bá ti ga, tí ó sì mú bọ́ọ̀lù yìí lọ́wọ́, ẹnìkan yóò dárúkọ Hakeem Olajuwon sí ìyá rẹ̀ létí. Òtítọ́ ni pé ọmọ Yorùbá ni, Èkó ni a bí i sí ní 1963, ó sì gba ife-ẹ̀yẹ àwọn àgbà eléré Amẹ́ríkà pẹ̀lú Houston Rockets ní 1994 àti 1995. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí ó ti bẹ̀rẹ̀. Ní Muslim Teachers' College ní Èkó, bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀, níbi tí ó ti ń ṣọ́ ojú ilé, àti bọ́ọ̀lù aláfọwọ́gbá ni ó kọ́kọ́ ń ṣe. Ó ti tó ọmọ ọdún bí 15 kí ó tó bẹ̀rẹ̀ básíkẹ́ẹ̀tì. Eré wọ̀nyẹn ni ó kọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ ní ìrìn. Ilé-ẹ̀kọ́ náà kò mọ ẹni tí ó wà lórí pápá rẹ̀. Ó kàn ní pápá, ó sì ní olùkọ́ tí ń bójú tó o ni. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ó yẹ kí ó rí. Kí a má ṣe kọ́ pápá nítorí ẹnìkan tí yóò di olówó. Kí a kọ́ ọ fún ọgọ́rùn-ún tí yóò di wẹ́ẹ́dà, nọ́ọ̀sì, akọ̀wé àti ìyálọ́jà, tí wọn yóò sì ti kọ́ níbẹ̀ pé ẹnìkan kò lè dá gbé bọ́ọ̀lù sáré.

Ìyá wa, èsì rẹ nìyí. Jẹ́ kí ọmọ náà máa lọ. Ṣùgbọ́n má ṣe jókòó sí ìsọ̀ ata máa dúró de ìròyìn. Kí ìwọ àti òbí méjì tàbí mẹ́ta mìíràn lọ bá ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ náà kí sáà yìí tó parí, kí ẹ fi ọ̀wọ̀ béèrè ohun mẹ́ta lọ́wọ́ rẹ̀. Ta ni olùkọ́ kejì tí ó ń kọ́ iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí ń lọ? Níbo ni ìwé tí a kọ iṣẹ́ náà sí wà? Ọmọ JSS 1 mélòó ni ó wà lórí pápá ní ìrọ̀lẹ́ àná? Bí ó bá rí èsì sí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, máa bá òwò rẹ lọ pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀. Bí kò bá rí, ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ṣì kù. Ẹ bẹ olùkọ́ náà kí ó jókòó pẹ̀lú ẹnìkan tí ó lè kọ̀wé, kí ó sọ gbogbo ohun tí ó mọ̀ kí ó tó di ẹrù rẹ̀.

Ní ti ẹgbẹ́ tí a tún gbìn ní ilé-ẹ̀kọ́ wa ìjọ́sí, ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́ kọjá, a kò gba ohunkóhun. Ní ọdún kẹta náà, wọ́n ṣí olùkọ́ tuntun náà nípò, gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn, kí olùkọ́ kékeré sì tó gba ẹgbẹ́ náà mọ́ra, àìsàn dá a dúró sílé ní ọ̀sẹ̀ náà. Ọkàn wa pami. Ní ọjọ́ Ajé tí ó tẹ̀ lé e, ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, a gbọ́ ìró bọ́ọ̀lù lórí sìmẹ́ńtì. A yọjú láti ojú fèrèsé. Kò sí àgbàlagbà kankan níbẹ̀. Ọmọ SSS 1 kan di ìwé ńlá náà mú, ó ń kà á sókè, àwọn ìyókù sì ń ṣe bí ó ti ń kà, àwọn kékeré lábẹ́ òrùka kékeré, àwọn àgbà lábẹ́ òrùka ńlá. A kò jáde lọ bá wọn. Kò sí ohun tí wọ́n nílò lọ́wọ́ wa.

Ọmọ tí ó gbé àpò bọ́ọ̀lù kalẹ̀ ní ọ́fíìsì wa ní ìjọ́sí, yóò ti di bàbá ọmọ báyìí. A kò tíì tún rí i. Bí ó bá ń ka ìwé yìí ní ibikíbi tí ó wà, a bẹ̀ ẹ́ kí ó dárí jì wá. Kí ó sì mọ̀ pé orúkọ rẹ̀ ṣì wà nínú ìwé, ìlà pupa kò sì kàn án.

Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀, bí Olúwa bá dá ẹ̀mí wa sí.